Àwọ̀ Egbére

Ẹni tó bá fẹ́ kí Ṣínà gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ lórí tábìlì, kó gbé àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, ó tú aago ara ògiri bàbá rẹ̀ palẹ̀ kó lè mọ ibi tí ìró rẹ̀ ń gbé. Bàbá náà nà án. Wọ́n to aago náà pọ̀ tán, ó tún un tú. Ó kàwé ìṣirò ní yunifásítì n'Ìbàdàn, àwọn ará ilé sì ní ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ wàyí. Ọkàn kò balẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó fi sílẹ̀. Ó wọ báńkì, ó ní nọ́ńbà pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò sí àlọ́ kankan nínú wọn. Lọ́dún tí à ń wí yìí, lọ́dún tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì wá bo omi Èkó bí eṣinṣin ṣe ń bo ẹja, tí wọn kò rí àyè gúnlẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Àpápá ló ń bá ṣiṣẹ́, ilé ìyá rẹ̀ ní Olódì-Àpápá ló sì ń sùn.

Orí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló ti pàdé ohun tó gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé ìwé lọ fún ọ̀gá ọkọ̀ náà, ọ̀gá sì ń sùn lọ́wọ́, ni Ṣínà bá ń rìn kiri. Ó yọjú sí yàrá kan, ó bá ẹnjinníà ọkọ̀ náà, òyìnbó onírùngbọ̀n kan, tó jókòó ti fèrèsé róbótó. Awò ńlá wà lójú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò pọ̀ ju irun ìpéǹpéjú lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ère òjé kéékèèké tò síwájú rẹ̀, kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ: ejò abìyẹ́ tó ń pọ iná, jagunjagun tó ní orí ẹlẹ́dẹ̀, àwọn aràrá tó gbé àáké kọ́ èjìká.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe sí wọn?" ni Ṣínà bi í.

"Mò ń kùn wọ́n."

"Tẹ́ ẹ bá kùn wọ́n tán ńkọ́?"

"Mà á kun òmíràn. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti wà lójú kan náà. Àbí kí n máa bá ẹja sọ̀rọ̀?"

Ṣínà fa àga, ó jókòó. Òyìnbó náà, tí kò rí ẹni tuntun bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wẹ ère náà, torí ọ̀rá tó wà lára òjé kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún látòkèdélẹ̀, bí ẹni rì í sínú èédú. Àwọ̀ gan-an ló kàn, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ dé inú ihò àti kọ̀rọ̀. Kí dúdú máa gbé ibẹ̀ lọ. Tí ìyẹn bá gbẹ, wọ́n á fi tapẹntáìnì la ọ̀dà mìíràn tó ṣókùnkùn títí yóò fi ṣàn bí omi tíì, wọ́n á dà á lé e lórí, yóò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sínú ìṣẹ́po aṣọ àti ìhunjọ ojú. Ìparí rẹ̀ ló wu Ṣínà jù. Òyìnbó náà ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà tó mọ́ díẹ̀ ju ti ìṣáájú, ó nù ún mọ́ àkísà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó wá rọra ń fi gbá orí imú ère náà, ó gbá oríkèé ìka, ó gbá eékún. Lójú Ṣínà, ère náà mí.

"Oòrùn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tàn sára ohun tó kéré tó báyìí," ni òyìnbó náà wí. "Ìwọ ni wàá kun ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ ọn."

Nígbà tí Ṣínà ń lọ, ó fún un ní aràrá kan tí ọ̀dà kò tíì kàn. Aràrá náà tẹ̀ síwájú, ẹrù kan tí wọ́n ká róbótó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là gbàgà láàárín irùngbọ̀n rẹ̀; òyìnbó náà ní igbe ogun ló ń ké. Inú ọkọ̀ kékeré tó ń gbé e padà sí èbúté ni Ṣínà ti ń yí i wò lójú oòrùn. Ẹni kúkúrú. Ohun tí wọ́n ká sẹ́yìn. Ẹnu tó là. Ó bú sẹ́rìn-ín lójijì, awakọ̀ náà sì wò ó bí ẹni tí oòrùn ti mú. Egbére ló wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ru ẹní rẹ̀, ó ń sunkún.

Ta ni kò gbọ́ nípa egbére rí, iwin kékeré inú igbó tí ẹní kì í kúrò lára rẹ̀, tí omijé kì í gbẹ lójú rẹ̀, tí wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní náà yóò di olówó? Gbígbọ́ ni gbogbo ayé gbọ́. Ìyá Ṣínà ní òun rí i.

Dorothy ni orúkọ ìsàmì ìyá náà. Ọmọdébìnrin ni nígbà náà, Àpápá ṣì jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Ó ń lọ pọnmi ní ìdájí ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó yà ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó sì bá a lábẹ́ igi: kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ, ẹní wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹkún wà lẹ́nu rẹ̀. Dorothy kò dúró gba ẹní. Ó ju ìkòkò nù, ó sá délé. Wọ́n nà án nítorí ìkòkò tó fọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dorothy Elégbére. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, ó ti di olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ tí ọkọ̀ bá gbé e kọjá níwájú àwọn ilé ìkẹ́rùsí Àpápá, yóò na ìka: "Ibi tí wọ́n to sìmẹ́ǹtì sí yẹn, ibẹ̀ gan-an ni." Àwọn èrò ọkọ̀ yóò wo ara wọn, wọn yóò sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Morádéún, ẹ̀gbọ́n Ṣínà tó ń ṣe akọ̀wé ní Àpápá, wá kí ìyá wọn lẹ́yìn ìsìn. Ìyá ń bu tíì fún un. Tíì náà kún ife, ó kún àwo abẹ́ ife, ó ń ṣàn lọ sórí tábìlì, ìyá ṣì ń dà á.

"Màámi! Tíì!"

"Mo rí i."

"Ẹ ò rí i! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bẹ̀ yín. Nǹkan ti bo ẹyin ojú yín, èmi tí mo jókòó níbí ń rí i."

"Ojú tó ránṣọ láàárọ̀ yìí? Ta ló kó òwú sí abẹ́rẹ́? Ṣé ìwọ ni?"

Òótọ́ ni, ó ṣì ń kó òwú sí abẹ́rẹ́ tó bá ti gbé e súnmọ́ imú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló fi ń ṣẹ́gun gbogbo wọn.

"Kò sí ọmọ kékeré kankan tó máa fi ọ̀bẹ wá nǹkan tí kò sọnù lójú mi," ni ìyá wí.

Ṣínà rí i pé ìjà ti fẹ́ bẹ́. Ó fa ère náà yọ lápò. "Màámi, ẹ wo nǹkan tí mo rí."

Ìyá gbé e lọ sídìí fèrèsé, ó gbé e kan imú. Ó fi àtàǹpàkò pa ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Òyìnbó ni."

"Òyìnbó rí i?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Kò rí i o. Aràrá inú ìtàn tiwọn ni. Ṣùgbọ́n mo lè kùn ún kó di tiyín."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Egbére wo ló ní irùngbọ̀n? Ìwọ tí o kò rí nǹkan, báwo lo ṣe fẹ́ kùn ún?"

"Ẹ ó máa sọ, mà á máa kùn."

"Láti kékeré ni mo ti ń sọ, ta ló gbọ́?" Ó gbé ère náà kalẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ẹ̀rín àrékérekè kan sì yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa. Morádéún, ìwọ ni ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí Ṣínà bá kun èyí bí mo ṣe rí i gan-an, tí mo wò ó tí mo ní òun nìyí, mà á tẹ̀lé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí kò bá rí i ṣe, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ dókítà ojú mọ́ nínú ilé yìí."

Morádéún fa àbúrò rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. "O gbọ́ nǹkan tí Màámi sọ? Má fi eléyìí ṣeré o. Nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ ní tó bá pẹ́ jù, wọn ò ní ríran mọ́ rárá."

"Mo gbọ́, Sístà mi."

"O kì í parí nǹkan, Ṣínà."

"Mà á parí èyí."

Azubuike, ọ̀rẹ́ Ṣínà, ló ń ya àwòrán sẹ́yìn lọ́rì ní Malu Road. Ọmọ Ìbò ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ, àfi tí ọ̀rọ̀ bá yà á lẹ́nu. Kìnnìún tó bá yà sẹ́yìn ọkọ̀ máa ń wo awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ṣínà gbé ère náà lọ, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀dà wà.

"Wetin be dis?"

"Egbére."

"Egbére tó ní irùngbọ̀n? Ṣé pásítọ̀ ni?"

"A máa fá a fún un."

Wọ́n fi ayùn irin kékeré ha irùngbọ̀n náà dànù. Wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sóòrùn, wọ́n kùn ún ní dúdú. Lórí àwọ̀ tó kàn ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀.

"Pupa ni," ni Azubuike wí. "Kí ojú rẹ̀ dà bí ewé. Kò sí awakọ̀ tó máa gbà kí o ya iwin tí ojú rẹ̀ ò dà bí ewé fún òun."

"A ò gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, Azu."

Awakọ̀ kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ yọrí jáde, ó ní dúdú ni, torí òkùnkùn igbó ló ń gbé. Ebinimi, ọmọ Ìjọ̀ tó ń já ẹrù ní èbúté, tó wá sinmi lábẹ́ ibòji wọn, ní àwọn iwin tó wà nílùú tòun kì í gbé inú igbó rárá, omi ni wọ́n ń gbé, ara wọn sì ń dán bí ẹja òbòkun. Inú Ṣínà ń dùn. Àwọ̀ rẹ̀ dá gbogbo wọn lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí i nínú wọn. Ó padà lọ bá ẹnì kan ṣoṣo tó rí i.

"Eérú iná àná," ni ìyá rẹ̀ wí, láìronú. "Eérú tó sùn mọ́jú lábẹ́ ìkòkò. Kò funfun, kò dúdú. Ó tutù lójú."

Ṣínà bu eérú nídìí ààrò ìyá rẹ̀ sínú bébà, ó gbé e lọ sí Malu Road, ó po ọ̀dà funfun mọ́ dúdú títí kò fi mọ èwo ni ọ̀dà èwo ni eérú mọ́. Ó kun ère náà, ó da omi ọ̀dà tó ṣókùnkùn lé e, ó rí i bó ṣe ń wọ́ lọ sábẹ́ ojú àti sáàárín ìka ẹsẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a ní ìmọ́lẹ̀ ìdájí, fẹ́ẹ́rẹ́, sórí imú àti èjìká. Ó kun ẹní náà bí ẹní òré tó ti gbó. Ní ìkẹyìn, ó fi orí abẹ́rẹ́ kán fáníìṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, omijé náà sì ń dán. Azubuike lanu sílẹ̀ bí ẹni rí ìran, ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ère náà ní pẹ̀lẹ́.

Láàárọ̀, Ṣínà gbé e fún ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Áà. Omijé náà dára. Ọlọ́run mi, omijé yìí!" Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ṣùgbọ́n àwọ̀ yìí kọ́ o."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó pọ́n. Ó dà bí ẹja yíyan. Egbére kì í ṣe pàǹla, Ṣínà."

Ó tún un kùn, ó jẹ́ kó mọ́ sí i. Ìyá ní ó dà bí ẹ̀kọ tó ti kan. Ó tún un kùn, ó jẹ́ kó ṣókùnkùn. Ìyá ní ẹrẹ̀ Kirikirì ni. Ọ̀dà ń nípọn lára ère náà, àwọn ìka rẹ̀ ti ń wọ inú ara wọn.

"Ìyá rẹ ò fẹ́ rí dókítà ni," ni Azubuike wí. "Màmá dey play you."

Ohun tí Ṣínà náà ti ń rò nìyẹn, ó sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn àlọ́ kì í fi ìbínú já a. Ó bu eérú ààrò sínú àwo funfun, eérú gan-an, kò ní ọ̀dà kankan nínú, ó sì gbé e kọjá níwájú ìyá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ dà á nù.

"Màámi, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Ìyá tẹ̀ sí i. "Ta ló da epo pupa sínú eérú mi?"

Ṣínà tún eérú náà wò. Kò sí epo níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ìdánwò ni, torí náà kò ní ìdí láti purọ́. Gbogbo bó ṣe ń kùn ún láti ọjọ́ yìí, àwọ̀ náà ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń tún ère ṣe, ojú ló bàjẹ́. Ta ló wá lè kun ohun tó máa wọ inú irú ojú bẹ́ẹ̀?

Ó na ẹ̀yìn sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé, ó ń ronú. Ọjọ́ ìfọṣọ ni. Sàfúrátù, alágbàfọ̀ tó ń wá láti Ajégúnlẹ̀, wà nídìí agbada ìfọṣọ ńlá, ìyá sì dúró lé e lórí. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá ìjọ ń wọ̀ lọ sí ìsìn ló wà nínú omi. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé tí aṣọ funfun bá ti ń pọ́n, búlúù díẹ̀ nínú omi ìkẹyìn ló ń gbà á là.

"Fi sí i," ni ìyá wí.

"Màmá Morádéún, ẹ̀rù ń bà mí o. Tí mo bá tún fi sí i, aró ni mò ń rẹ."

"Sàfúrá, fi sí i! Aṣọ mi pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Ṣé èyí ni kí n wọ̀ dé iwájú Ọlọ́run?"

"Kó má lọ jẹ́ pé ẹyẹ á fò lù yín, tí wọ́n á rò pé ojú ọ̀run ni," ni Sàfúrátù kùn sínú. Ó tú búlúù sí i, ó rú omi náà, ó ń mi orí.

Ṣínà gbójú sókè. Aṣọ ìyá rẹ̀ pọ̀ lórí okùn. Èyí tó ti pẹ́ jù ní ìkangun ọ̀hún ṣì funfun díẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e dà bí omi òkun. Àwọn tí wọ́n fọ̀ láìpẹ́ yìí dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ó ti rí wọn láti oṣù tó ti pẹ́, kò sì rí wọn. Ó fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ.

Kí ni ojú ìyá rẹ̀ ń ṣe sí funfun? Ó ń mú un pọ́n. Kí ni búlúù ń ṣe sí ohun tó pọ́n? Ó ń dá a padà. Láti ìgbà wo ni ìyá rẹ̀ ti ń fi agbada Sàfúrátù wọn àìsàn ojú ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fura?

Ó ṣa ìdérí ìgò jọ nídìí ilé ọtí, ó kó wọn lọ bá Azubuike. Ó kun àkọ́kọ́ ní àwọ̀ eérú gidi. Ó fi ọ̀dà búlúù tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ kún èyí tó kàn, ó fi díẹ̀ sí i kún èyí tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí gbogbo wọn fi kún ojú pákó kan. Ó gbé pákó náà síwájú ìyá rẹ̀ lójúmọ́ kejì.

"Ẹ bá mi mú èyí tó dà bí eérú iná àná."

Ìka ìyá rìn lórí wọn. "Ẹja yíyan. Ẹja yíyan. Èyí náà, ẹja ni, wọn ò yan án jinná ni." Ìka náà kọjá àárín pákó, ó ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkangun. Ó dúró. "Òun rè é."

Nígbà tí Azubuike rí èyí tó mú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì lélẹ̀. "Blue egbére! Ṣínà, yunifásítì ti bà ọ́ jẹ́ pátápátá."

Ṣínà kùn ún bẹ́ẹ̀. Ó da omi ọ̀dà aró lé e, ó fi búlúù tó mọ́ gbá imú àti èjìká, ó tún omijé kán. Nígbà tó parí, ère náà dà bí ohun tó já bọ́ láti inú agbada Sàfúrátù. Àwọn awakọ̀ ń pe ara wọn wá wò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló gbé e délé. Ó ti ránṣẹ́ pe Morádéún, Sàfúrátù sì ń ká aṣọ lórí okùn. Ìyá gbà á, ó gbé e súnmọ́ imú, ó yà sí ibi tí oòrùn òwúrọ̀ wà.

Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó tún wò ó.

"Òun nìyí," ló wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. "Òun nìyí o. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Ṣínà gbà á, Morádéún sì dì mọ́ ìyá. "Ọjọ́ Ajé, Màámi! Ẹ ti ṣèlérí! Ọjọ́ Ajé la máa lọ!"

Ó tán. Ṣínà lè panu mọ́, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ń nu ojú. Àlọ́ tí wọ́n bá fi irọ́ já, jíjá kọ́ nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá sì débẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ojú òun dá ṣáṣá, yóò bá dókítà jà, yóò sì padà wálé.

"Màámi, àwọ̀ wo ni?"

"Eérú ni. Àbí ojú ń dun ìwọ náà ni?"

"Àǹtí Sàfúrátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó."

Sàfúrátù kó aṣọ mọ́yà, ó bẹ ojú wò ó. "Háà. Búlúù ni. Búlúù pọ́ńbélé."

"Sàfúrá, mi ò bá ọ ṣeré o."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Morádéún wo ilẹ̀. "Búlúù ni, Màámi."

Ìyá wo ère ọwọ́ Ṣínà, ó wo aṣọ tó wà mọ́yà Sàfúrátù.

"Aṣọ mi ńkọ́?"

Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í ká ohun tó ti ká tẹ́lẹ̀.

"Morádéún, mo ní aṣọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n rò pé ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́," ni Morádéún wí wẹ́rẹ́. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Méjì nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ti ń rẹ tiwọn náà."

Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èjìká rẹ̀ ń mì, Morádéún sì sáré sí i, ó rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. "Mo ti kó ẹgbẹ́ àwọn ìyá wọ inú aró!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán díẹ̀díẹ̀, omi ojú kò tán.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi."

"Tá a bá sọ, ṣé ẹ máa gbà?" ni Ṣínà wí.

"Mi ò ní gbà." Ó gba ère náà padà. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń ní ojú mi ń purọ́, mi ò sì gbà fún wọn rí. Ọjọ́ tó wá ń purọ́ lóòótọ́, kò ké sí mi." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ọjọ́ Ajé, aago mélòó?"

Dókítà tan iná sójú rẹ̀, ó ní gíláàsì inú ojú náà ti pọ́n bí omi tíì, àti pé abẹ́rẹ́ tó ń rí kó òwú sí jẹ́ ara ẹ̀tàn àìsàn náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Ṣínà jókòó sí ìta, kò tú ohunkóhun palẹ̀, kò béèrè ìbéèrè kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Morádéún sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Láàárọ̀ tí wọ́n tú báńdéèjì tí wọ́n sì gbé e padà sílé, awò tó nípọn bí ìdí ìgò wà lójú rẹ̀, ẹyin ojú rẹ̀ sì tóbi lẹ́yìn awò náà bíi ti òwìwí. Ó dúró láàárín ẹ̀yìnkùlé, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀. Ó wo ewé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dé orí okùn aṣọ.

"Sàfúrá! Ta ló rẹ aṣọ mi láró báyìí?"

"Ẹ kú àbọ̀ o, Màmá," ni Sàfúrátù dáhùn láti ìdí agbada. "Ẹ kú ewu ojú. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi sí i."

Ó ní kí Ṣínà gbé egbére náà wá. Bó ṣe rí i báyìí, ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kun èyí kò tíì rí egbére rí!"

"Ẹ̀yin lẹ ní òun nìyí."

"Ojú àtijọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sí níbẹ̀."

Ṣínà gbé pẹtiróòlù díẹ̀ wá nínú agolo, òun àti àkísà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ère náà. Búlúù ló kọ́kọ́ bá àkísà lọ. Ẹrẹ̀ Kirikirì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó tún nù ún, ẹ̀kọ kíkan yọ. Àwọn ìka tó ti wọ inú ara wọn ń yọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ìhunjọ ojú sì ń padà. Ìyá tẹ̀ sí i, ó ń wò ó.

"Dúró," ló wí. "Dúró níbẹ̀."

Àwọ̀ eérú ni, èyí tó fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá gbà á, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí kò nílò láti gbé nǹkan kan imú mọ́. Oòrùn òwúrọ̀ tàn sórí rẹ̀. Gbogbo wọn ti rí i lójú rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Òun nìyí, Ṣínà. Àkọ́kọ́ náà ni." Ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ẹnu yìí."

"Kí ló ṣe é?"

"Kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń sunkún. Wò ó dáadáa. Ariwo ló ń pa."

Ṣínà wò ó. Òótọ́ ni, òyìnbó ti sọ fún un pé igbe ogun ni, òun ló fi omijé bò ó. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́, ó ti padà sí kọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn.

"Ẹ̀rù ti ba òun náà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó dúró lábẹ́ igi rẹ̀, nínú ọyẹ́, ọmọ kan sì yọ sí i lójijì tòun ti ìkòkò lórí. Bóyá kò sunkún rí. Bóyá èmi ló rí tó fi ké."

Ọwọ́ Ṣínà ti wà lórí búrọ́ọ̀ṣì. "Kí ló kù tí mà á kùn, Màámi?"

"Ìkòkò mi. Bá mi mọ ọ́n sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, kó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Pupa ni. Ìwọ kùn ún, mà á sọ fún ọ tó bá pọ́n tó."